Káàdì Ọjọ́ Àìkú

Mo bi í léèrè: "Màmá Ládì, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"
Ó sọ ìdì igi kalẹ̀ láti èjìká
(èjìká ni àwọn Gbàgyí fi ń rẹrù ní Bwari níbí;
wọ́n ní orí tó ń ronú, a kì í dẹ́rù lé e),
ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lahadi."
Lahadi wo? Oṣù wo? Ọdún wo?
"Lahadi ṣá."

Ìrètíọlá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò gbà.
Ó ní kò sẹ́ni tí kò lọ́jọ́ìbí ní kíláàsì àwọn,
títí kan ajá tíṣà.
Ó ní dandan, ká ṣe káàdì.

Kò sówó káàdì olórin tí wọ́n ń tà ní Wúsè,
kò sì sí iná lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè wa sán bí ògiri amọ̀.
A tan àtùpà onísólà, a tú àpótí sílẹ̀:
àpòòwé báńkì, tí wọ́n fín inú rẹ̀ ní búlúù wínníwínní
kí ojú ayé má baà rí gbèsè wa;
bébà olódòdó tí wọ́n fi wé ọṣẹ;
kàlẹ́ńdà èṣí ti àwọn onísìmẹ́ǹtì;
bébà súìtì tó ń dán yinrinyinrin.
Mo ní kó fi àlùmọ́gàjí gé wọn wẹ́wẹ́.
Ó gé wọn, ó gé etí aṣọ tábìlì mọ́ ọn.

Àlùmọ́gàjí. Tàdáwà.
Òkè Ọya níbí làwọn baba wa ti yá ọ̀rọ̀ méjèèjì,
a ò tíì dá wọn padà.

Òǹtẹ̀ ńkọ́?
Mo bọ́ sílípáàsì bàlùwẹ̀ mi, ẹsẹ̀ òsì,
mo fi abẹ fín in: igi mẹ́ta lórí èjìká kan.
Ó ku orúkọ. Mo fín L, A, D, I,
mo tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, mo gbé e lé bébà.
L àti D bá kọ̀yìn sí wa,
A àti I nìkan ni kò yí padà.
Ìrètíọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.
Ó ní, "Mọ́mì, òǹtẹ̀ kì í sọ òótọ́
àfi téèyàn bá kọ́kọ́ parọ́ fún un."
Mo wò ó. Mo tún orúkọ fín, lódìlódì.

Déètì ló wá dá wa dúró.
Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wà nínú báàgì mi, oní-nọ́ńbà yíyí,
èyí tí mo fi ń tẹ ìwé ẹni ẹlẹ́ni láti àárọ̀ dalẹ́.
Mo yí i, mo yí i;
ọdún tó dàgbà jù lára rẹ̀,
Ìrètíọlá ṣe ẹ̀gbọ́n fún un.
Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn:
Lahadi. Kí là ń pè é nílé wa?
Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àìkú,
kí ló fẹ́ fi déètì ṣe?
Mo fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tán.

Ó gba káàdì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ṣí i.
Kò mọ̀wé. Ó rí igi, ó rí èjìká.
Ó fi àtàǹpàkò kan òǹtẹ̀ náà
(ọyẹ́ tó gbẹ ètè wa kò rí tàdáwà gbẹ),
ó sì tẹ àtàǹpàkò ọ̀hún sí ìsàlẹ̀ bébà,
bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ìjọba gba oko bàbá rẹ̀.
Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òun ló mú ìwé lọ sílé.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀.
Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ọ̀nà.
Màmá Ládì ni, kò ru igi kankan,
ó na ọwọ́ sí wa, ojú rẹ̀ ò yẹ̀:
"Òní náà, Lahadi ni."

Ìrètíọlá ti sáré wọlé lọ wá àlùmọ́gàjí.
Mo wo ẹsẹ̀ mi.
Sílípáàsì ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀.